Ewu Tó Wà Lára Owó Ìfipamọ́ àti Ìdókòwò ní Ìwọ̀-Oòrùn Èkìtì

Ewu owó ni pé kí ohun tí ènìyàn fi pamọ́, tàbí tó fi dókòwò, má tó iye tó ń retí lọ́jọ́ tó bá fẹ́ lò ó. Ọ̀nà mẹ́rin ni èyí máa ń gbà ṣẹlẹ̀. Owó náà lè sọnù pátápátá. Ó lè dín kù. Ó lè pé láìdín kọ́bọ̀, síbẹ̀ kó má lè ra ohun tó ń rà tẹ́lẹ̀ mọ́. Ó sì lè wà níbi tí wọ́n fi í sí láìyingin, àmọ́ kí ọwọ́ má tó o lọ́jọ́ tí àìsàn bá wọlé tàbí tí ilé-ìwé bá béèrè owó. Kò sí ibi ìfowópamọ́ kan tó bọ́ lọ́wọ́ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Owó abẹ́ ìrọ̀rí kò lè bá báńkì wó, ṣùgbọ́n olè, iná àti ọ̀wọ́ngógó mọ ibẹ̀ dáadáa. Owó tí wọ́n fi ra ilẹ̀ kì í jóná, kì í sì í tètè padà di owó. Ẹni tó bá ń wá ibi tí ewu kò sí rárá ń wá ohun tí kò sí. Ohun tó yẹ kó béèrè ni irú ewu tó wà níbẹ̀, ẹni tí yóò rù ú, àti bóyá ẹni náà lágbára láti rù ú.

Ní Ìjerò, ní Arámọkọ, ní Ẹ̀fọ̀n-Aláayè àti àwọn ìlú tó yí wọn ká, bí Òkè-Ìmẹ̀sí, Èrìnjìyàn àti Ìkọ́gòsì, ewu owó ti wà nínú oko kó tó dé báńkì. Ilẹ̀ kòkó ni agbègbè yìí. Owó kòkó kì í wọlé lóṣooṣù bíi ti tíṣà. Ìkórè ńlá máa ń bẹ̀rẹ̀ ní nǹkan bí oṣù Kẹwàá, ìkórè kékeré a sì bọ́ sí àárín ọdún. Láàárín ìkórè kan sí èkejì, owó tí àgbẹ̀ gbà lẹ́ẹ̀kan náà ni yóò bọ́ ilé, tí yóò ra oògùn kòkó, tí yóò sì san owó alágbàṣe. Bí àgbẹ̀ fẹ́, bí ó kọ̀, olùfowópamọ́ ni.

Iye tí wọ́n ń ra kòkó kò sì sí lọ́wọ́ rẹ̀. Ní oṣù Kẹta ọdún 2024, tọ́ọ̀nù kòkó kan kọjá 10,000 dọ́là lọ́jà àgbáyé fún ìgbà àkọ́kọ́, nítorí pé ojú ọjọ́ àti àrùn ti ba ìkórè jẹ́ ní Côte d'Ivoire àti Ghana. Ní oṣù Kejìlá ọdún náà, ó kọjá 12,000. Kí ọdún 2025 tó parí, ó ti já wálẹ̀ sí nǹkan bí ìdajì. Ẹni tó fi owó 2024 díwọ̀n ilé tí yóò kọ́ tàbí gbèsè tí yóò jẹ ti rí ohun tí ìjábọ́ iye ọjà ń ṣe.

Nǹkan kò rí báyìí nígbà kan. Láti 1947 tí wọ́n dá ìgbìmọ̀ tó ń ra kòkó sílẹ̀, títí di 1986 tí ìjọba tú u ká, ìgbìmọ̀ ló ń kéde iye tí wọn yóò ra kòkó fún sáà kọ̀ọ̀kan, àgbẹ̀ sì mọ ohun tí yóò gbà kó tó gé kòkó lulẹ̀. Ìfọ̀kànbalẹ̀ yìí kò wá lọ́fẹ̀ẹ́. Iye tó ń dé ọwọ́ àgbẹ̀ máa ń kéré gan-an sí iye tí wọ́n ń tà á lókè òkun, ìjọba ló sì ń ná ìyàtọ̀ rẹ̀. Lẹ́yìn 1986, èrè gíga di ti àgbẹ̀, ìjábọ́ náà sì di tirẹ̀. Ewu kò sọnù láyé ìgbìmọ̀. Ẹlòmíràn ló ń rù ú, ó sì ń gba owó lórí rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni gbogbo ètò owó ṣe rí títí di òní. Ẹni tó bá gba ewu kúrò lọ́rùn ẹlòmíràn, ì báà jẹ́ báńkì, iléeṣẹ́ adójútòfò tàbí oníṣòwò tó san owó kòkó sílẹ̀ ṣáájú ìkórè, ó ní ohun tó ń gbà fún un.

Ohun kan wà tí ọ̀pọ̀ kì í kíyè sí nípa ìlú tó ń gbé lórí irè oko kan. Àgbẹ̀ tó fi owó kòkó ra ọ̀kadà fún ọmọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ kó máa fi í gbé èrò ní Arámọkọ, tó tún bá ìyàwó rẹ̀ ṣí ìsọ̀ aṣọ lọ́jà, lè rò pé òun ti pín owó òun sí ọ̀nà mẹ́ta. Ní tòótọ́, ọ̀nà kan ṣoṣo ló wà. Lọ́dún tí kòkó bá wọ́lẹ̀, èrò ọ̀kadà yóò dín, aṣọ kò ní tà, nítorí pé àpò àgbẹ̀ kan náà ni gbogbo wọn ń wò. Pínpín owó ní láárí nígbà tí ohun tó lè ba ọ̀kan jẹ́ kò bá lè ba èkejì jẹ́.

Àjọ àti èésú ni ọ̀nà ìfowópamọ́ tó súnmọ́ aráàlú jù. Nínú àjọ ojoojúmọ́, alájọ ń yí ọjà ká pẹ̀lú káàdì, ó ń gba iye kan náà lọ́wọ́ oníbàárà lójoojúmọ́, ó sì ń kó o fún un lópin oṣù lẹ́yìn tó bá ti yọ owó ọjọ́ kan fún ara rẹ̀. Ìyá tó ń dá 500 náírà lóòjọ́ fún ọgbọ̀n ọjọ́ yóò dá 15,000, yóò sì gba 14,500. Kò jẹ èlé, ó tún san owó. Síbẹ̀ òmùgọ̀ kọ́. Ó fi 500 náírà yẹn ra ìpamọ́: owó náà kúrò níbi tí ọmọ, ọkọ, ẹbí àti òun fúnra rẹ̀ ti lè nawọ́ sí i. Ewu tó gbé dípò rẹ̀ wà lára ènìyàn kan ṣoṣo. Bí alájọ bá kú, bó bá sá, tàbí bó bá fi owó oníbàárà ṣòwò tí òwò náà sì wọ̀gbẹ́, kò sí iléeṣẹ́ ìjọba kan tí yóò san án padà. Bí owó bá ṣe pẹ́ tó lọ́wọ́ alájọ ni ewu náà ṣe ń ga tó. Ẹni tó ń gba tirẹ̀ lóṣooṣù kò lè pàdánù ju owó oṣù kan lọ. Ẹni tó ní kí wọ́n bá òun kó o jọ di ọdún Kérésìmesì ti fi ọdún kan gbáko lé orí ènìyàn kan.

Èésú yàtọ̀, ó sì jinlẹ̀ ju bí ọ̀pọ̀ ṣe rò lọ. Bí ènìyàn mẹ́wàá bá ń dá 20,000 náírà lóṣù, tí ẹnì kan sì ń kó 200,000 lóṣooṣù, ẹni àkọ́kọ́ ti gba 200,000 nígbà tó dá 20,000 péré. Gbèsè 180,000 ló wà lọ́rùn rẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò sẹ́ni tó ń pè é ní gbèsè. Ẹni ìkẹyìn ló yá gbogbo wọn lówó láìgba èlé. Òun náà ni ewu pọ̀ sí lára jù: bí ẹnì kan tó ti kó bá dẹ́kun dídá, tirẹ̀ ni kò ní pé, bí ọjà bá sì wọ́n láàárín oṣù mẹ́wàá, 200,000 tirẹ̀ kò ní ra ohun tí ti ẹni àkọ́kọ́ rà. Nítorí náà, ètò ẹni tí yóò kọ́kọ́ kó àti ẹni tí yóò kó kẹ́yìn jẹ́ ètò pípín ewu, ó sì yẹ kí ẹgbẹ́ jókòó sọ ọ́ ní gbangba. Àwọn baba wa mọ èyí. Nígbà tí William Bascom, onímọ̀ ará Amẹ́ríkà tó ṣe ìwádìí ní Ifẹ̀, kọ̀wé lórí èésú ní 1952, ó ṣàlàyé bí wọ́n ṣe ń pín ẹgbẹ́ ńlá sí abẹ́ àwọn olórí kéékèèké, tí olórí kọ̀ọ̀kan sì ń dúró fún àwọn tó mú wá. Onídùúró ni ààbò èésú. Èésú orí fóònù tó kó àwọn tí kò mọ ilé ara wọn jọ ti sọ ààbò yẹn nù, orúkọ nìkan ló mú dání.

Ẹgbẹ́ aláfọwọ́sowọ́pọ̀ wà láàárín àwọn wọ̀nyí àti báńkì. Ó ní ìwé àkọsílẹ̀, ó ní ìpàdé, ó sì ń béèrè onídùúró kó tó yá ènìyàn lówó. Ibi tó ti ń bàjẹ́ ni ibi tí àkápò kan náà ti wà lórí oyè fún ọdún gbọọrọ tí kò sẹ́ni tó yẹ ìwé wò.

Ti báńkì ní ààbò tí òfin gbé kalẹ̀. Iléeṣẹ́ NDIC, tí wọ́n dá sílẹ̀ pẹ̀lú òfin 1988, ló ń ṣe adójútòfò owó tí aráàlú fi sí báńkì. Ní oṣù Karùn-ún 2024, ó gbé iye tó ń dáàbò bò sókè: láti 500,000 náírà sí mílíọ̀nù 5 fún ẹnì kọ̀ọ̀kan nínú báńkì ńlá kọ̀ọ̀kan, àti láti 200,000 sí mílíọ̀nù 2 nínú báńkì kéékèèké tí wọ́n ń pè ní máíkíró. Oṣù kan lẹ́yìn rẹ̀ ni ọ̀rọ̀ náà di ohun tí ojú rí. Ní ọjọ́ 3 oṣù Kẹfà 2024, Báńkì Àpapọ̀ Nàìjíríà gba ìwé àṣẹ kúrò lọ́wọ́ Heritage Bank. NDIC bẹ̀rẹ̀ sí í san owó fún àwọn oníbàárà títí dé mílíọ̀nù 5. Ẹni tí tirẹ̀ bá ju bẹ́ẹ̀ lọ ní láti dúró kí wọ́n ta ohun ìní báńkì náà, kí wọ́n sì gba owó tí báńkì náà yá àwọn ènìyàn padà. Nígbà tí owó ìpín àkọ́kọ́ jáde ní 2025, kọ́bọ̀ 9 àti díẹ̀ ni wọ́n san lórí náírà kọ̀ọ̀kan tó ṣẹ́kù. Ìṣirò yìí rọrùn láti lò. Àgbẹ̀ tó ní mílíọ̀nù 8 lẹ́yìn ìkórè tó dára, tó kó gbogbo rẹ̀ sí báńkì ńlá kan ṣoṣo, ní mílíọ̀nù 3 tí kò sí lábẹ́ ààbò. Bó bá pín in sí méjì, gbogbo rẹ̀ wà lábẹ́ ààbò. Adójútòfò yìí kò kan àjọ, kò kan èésú, kò kan ẹgbẹ́ aláfọwọ́sowọ́pọ̀, kò sì kan ìpín ìdókòwò tí báńkì bá báni rà.

Èyí tí NDIC kò lè gbani lọ́wọ́ rẹ̀ ni ọ̀wọ́ngógó. Ní oṣù Kejìlá 2024, iléeṣẹ́ ìṣirò ìjọba àpapọ̀, NBS, ní iye ọjà ti fi ìdá 34.8 nínú ọgọ́rùn-ún ga ju ti ọdún tó ṣáájú lọ. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé ẹrù tí wọ́n ń rà ní 100,000 náírà ti di 134,800. Bí báńkì bá san èlé 8 nínú ọgọ́rùn-ún lórí owó ìfipamọ́, 100,000 yóò di 108,000 lórí ìwé, olówó yóò sì rò pé òun jèrè. Ó pàdánù. Ìpàdánù tí kì í pariwo ni ó burú jù, nítorí pé kò sẹ́ni tó ń lọ sí àgọ́ ọlọ́pàá nítorí rẹ̀. Kódà tírẹ́ṣọ́rì bíìlì, ìwé tí ìjọba àpapọ̀ fi ń yá owó fún ìgbà kúkúrú, tí èlé rẹ̀ kọjá ìdá 20 nínú ọgọ́rùn-ún fún ọdún kan ní 2024, kò bá ọ̀wọ́ngógó ọdún náà dọ́gba. Ó kàn dín ìpàdánù kù. Náírà náà sì ń wọ́lẹ̀ lójú dọ́là: láti nǹkan bí 470 kí oṣù Kẹfà 2023 tó dé ìdajì, sí nǹkan bí 1,500 ní oṣù Kejì 2024. Ẹni tí kò rí dọ́là rí náà mọ̀ ọ́n lára nígbà tó lọ ra oògùn kòkó tí wọ́n kó wá láti òkè òkun.

Nítorí ọ̀wọ́ngógó ni àwọn kan ṣe ń ra ìpín ìdókòwò, èyí tí ọ̀pọ̀ ń pè ní ṣíà. Ẹni tó ra ìpín kò yá iléeṣẹ́ lówó. Ó di ọ̀kan nínú àwọn tó ni ín. Bí iléeṣẹ́ bá jèrè, yóò jẹ nínú rẹ̀. Bó bá wó, òun ni wọn yóò sanwó fún kẹ́yìn, bí nǹkan kan bá ṣẹ́kù. Ọ̀rọ̀ Afribank fi ìyàtọ̀ yìí hàn kedere. Ní oṣù Kẹjọ 2011, wọ́n gba ìwé àṣẹ rẹ̀, wọ́n sì kó iṣẹ́ rẹ̀ fún báńkì tuntun tí wọ́n sọ ní Mainstreet. Àwọn tó fi owó pamọ́ síbẹ̀ bá owó wọn ní báńkì tuntun. Àwọn tó ra ìpín báńkì náà, tí àwọn òṣìṣẹ́ fẹ̀yìntì pọ̀ láàárín wọn, kò rí nǹkan kan gbà.

Gbogbo ọjà ìpín pàápàá lè wó lẹ́ẹ̀kan náà. Ní oṣù Kẹta 2008, òṣùwọ̀n ọjà náà ní Èkó dé 66,000 àti díẹ̀. Kí oṣù Kẹta 2009 tó parí, ó ti wà nísàlẹ̀ 25,000. Owó tó bá dín láti 100 sí 30 ti pàdánù ìdá 70 nínú ọgọ́rùn-ún, ṣùgbọ́n kó tó padà sí 100, ó gbọ́dọ̀ lé ní ìlọ́po mẹ́ta. Ọdún 2023 ni òṣùwọ̀n náà tó kọjá ibi tó wà ní 2008, lẹ́yìn ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, náírà 2023 kì í sì í ṣe ẹgbẹ́ náírà 2008. Àwọn tó fi owó ara wọn rà, tí wọn kò nílò rẹ̀, dúró. Àwọn tó yá owó báńkì láti fi ra ìpín kò lè dúró. Èlé ń gorí èlé, báńkì sì tà á mọ́ wọn lọ́wọ́ nígbà tó wọ́lẹ̀ jù. Gbèsè a máa sọ ewu tó ṣeé fara dà di èyí tí kò ṣeé fara dà, bákan náà ni fún owó tí wọ́n ń yá lórí fóònù lónìí.

Gbájúẹ̀ kì í ṣe ìdókòwò tó kùnà, nítorí kò sí òwò níbẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Sogúndogójì MMM, tí Sergei Mavrodi ti kọ́kọ́ fi lu àwọn ará Rọ́ṣíà ní jìbìtì kó tó wó níbẹ̀ ní 1994, gba Nàìjíríà kan ní 2016. Ìdá 30 nínú ọgọ́rùn-ún lóṣù ni ó ṣèlérí. Ẹni tó bá jókòó ṣe ìṣirò yóò rí i pé 10,000 náírà tó ń pọ̀ báyìí, tí wọn kò yọ nínú rẹ̀, yóò di mílíọ̀nù 5.4 láàárín ọdún méjì. Kò sí oko, kò sí ibi ìwakùsà, kò sí ọjà kan lábẹ́ ọ̀run tó ń ṣe bẹ́ẹ̀. Owó àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé ni wọ́n ń san fún àwọn tó ti wà níbẹ̀. Ní ọjọ́ 13 oṣù Kejìlá 2016, wọ́n ti ilẹ̀kùn owó pa, nígbà tí àwọn ènìyàn ń múra ọdún. NDIC sọ lẹ́yìn náà pé nǹkan bí mílíọ̀nù 3 ọmọ Nàìjíríà pàdánù nǹkan bí bílíọ̀nù 18 náírà níbẹ̀. Ní oṣù Kẹrin 2025, ohun kan náà tún ṣẹlẹ̀ pẹ̀lú ètò kan tí wọ́n ń pè ní CBEX, tó ní òun yóò sọ owó di ìlọ́po méjì láàárín nǹkan bí oṣù kan. Àwọn tí inú ń bí wọ ọ́fíìsì rẹ̀ ní Ìbàdàn, wọ́n kó àga àti ohun tí wọ́n rí.

Ìlú kékeré ni irú nǹkan yìí ti ń tètè ràn, nítorí pé àwọn ènìyàn mọ ara wọn. Ẹni tó kọ́kọ́ gba owó nínú rẹ̀ gbà á lóòótọ́. Aládùúgbò rí ọ̀kadà tó rà, ará ìjọ gbọ́ ìjẹ́rìí rẹ̀. Kò purọ́. Àmọ́ pé wọ́n san án fún un kò fi hàn pé òwò kan wà níbẹ̀. Ó fi hàn pé àwọn mìíràn ṣì ń wọlé. Ohun tó yẹ kí ènìyàn bi wọ́n ni ibi tí èrè náà ti ń wá. Bí ìdáhùn bá jẹ́ pé kó mú ẹni méjì wá, ìdáhùn ti dé. Òfin ìdókòwò tuntun tí Ààrẹ Tinubu buwọ́ lù ní 2025 ti sọ irú ètò bẹ́ẹ̀ di ẹ̀ṣẹ̀ tó lè gbé ènìyàn lọ sẹ́wọ̀n ọdún 10, SEC, iléeṣẹ́ ìjọba tó ń mójú tó ọjà ìdókòwò, sì ni ẹnikẹ́ni lè bi bóyá ẹni tó ń gba owó ìdókòwò ní ìwé àṣẹ.

Ilẹ̀ àti ilé kò nílò ọ̀rọ̀ púpọ̀. Ewu wọn ni ẹbí tó ta ilẹ̀ kan fún ẹni méjì, ìwé tí kò pé, àti àìlètà lọ́jọ́ ìṣòro. Ẹni tó bá fẹ́ ta ilẹ̀ ní kíákíá nítorí ìnáwó ilé ìwòsàn yóò gba iye tí olùrà bá fẹ́.

Àkókò ni ó yẹ kó pín owó. Owó ilé-ìwé oṣù Kẹsàn-án àti owó oògùn kòkó kò gbọ́dọ̀ súnmọ́ ìpín ìdókòwò. Ibi tí wọ́n ti lè yọ ọ́ lọ́la ni ó yẹ kó wà, bí èlé rẹ̀ tilẹ̀ kéré. Owó tí wọn kò ní fọwọ́ kàn fún ọdún méjì tàbí mẹ́ta lè lọ sí bọ́ǹdì ìfowópamọ́ ìjọba àpapọ̀, tó bẹ̀rẹ̀ ní 2017: 5,000 náírà ni ènìyàn lè fi bẹ̀rẹ̀, wọ́n sì ń san èlé rẹ̀ lóṣù mẹ́tamẹ́ta. Owó ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń rìn, tó ku ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún kó wọ yunifásítì, ni ó lè fara da gíga àti wíwọ́lẹ̀ ọjà ìpín. Ìdílé tí gbogbo owó rẹ̀ ń ti inú kòkó wá ní ìdí púpọ̀ láti fi apá kan rẹ̀ síbi tí kòkó kò kàn rárá.

Ewu kan ṣẹ́kù tí kì í ṣe ẹ̀bi báńkì tàbí ọjà: kí olówó kú láìsọ ibi tí owó wà. Orúkọ tí wọ́n kọ sí ìwé báńkì gẹ́gẹ́ bí ìbátan tó súnmọ́ jù kò sọ ẹni náà di ajogún. Bí kò bá sí ìwé ìhágún, ẹbí ní láti gba ìwé àṣẹ ogún ní ilé-ẹjọ́ gíga kí báńkì tó san owó náà. Báńkì Àpapọ̀ sì kéde ní 2024 pé owó tó bá dùbúlẹ̀ ní báńkì fún ọdún 10 láìsẹ́ni tó fọwọ́ kàn án yóò lọ sí àpò kan lọ́dọ̀ rẹ̀. Ẹni tó ni ín tàbí ajogún rẹ̀ tó bá mú ẹ̀rí wá lè gbà á padà, ṣùgbọ́n ó gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ mọ̀ pé owó náà wà.